Níbo ni àgbàlagbà ti ń bẹ̀rẹ̀ manga àti anime? Ẹ jọ̀wọ́, mo ń fẹ́ ìmọ̀ràn

Ìyá Mojí (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, mo ti pé ọmọ ọdún 43, n kò sì mọ ohunkóhun nípa manga, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán ilẹ̀ Jàpáànù, tàbí anime, ìyẹn àwòrán wọn tó ń rìn, títí di oṣù tó kọjá. Mojí, àkọ́bí mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, ni ó fà mí wọ inú rẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè ohun tí ó ń wò lórí fóònù, ojú rẹ̀ á tàn, kò sì ní dákẹ́ mọ́. Mo wá pinnu pé èmi náà yóò mọ ohun tí ọmọ mi mọ̀.

Mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, mo yá ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣí i láti apá òsì bí a ti ń ṣí ìwé gbogbo, mo sì ka ojú-ewé bí ogún láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n. Mojí ló wá sọ fún mi pé apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, àti pé ìparí ìtàn ni mo ti kà yẹn. Lẹ́yìn náà, mo ní kí ó dárúkọ èyí tí ó fẹ́ràn jù, ó dárúkọ One Piece. Mo wo ìpín mẹ́fà, ó sì ti ń wọ̀ mí lára, kí n tó rí i pé ìpín tó wà nílẹ̀ ti lé ní 1,100. Àyà mi já.

Ìbéèrè mi nìyí. Ṣé ìwé ni kí n kọ́kọ́ kà, àbí kí n wo èyí tó ń rìn lórí tẹlifíṣọ̀n? Ṣé kí n fi ohùn Jàpáànù sílẹ̀ kí n máa ka ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, tàbí kí n wo èyí tí wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sí? Mo tún ní ọmọkùnrin ọmọ ọdún 8 tí kì í jìnnà sí ibi tí a bá ti tan tẹlifíṣọ̀n. Kí ni a lè jọ wò tí kò ní kó ìpayà bá a?

Wálé Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ òbí, mà. Ẹ má jẹ́ kí iye ìpín dẹ́rù bà yín. Naruto ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ òrukàn ni, gbogbo ìlú ló ń sá fún un nítorí ẹ̀mí burúkú tí wọ́n sé mọ́ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ohun tí ó sì ń wá kò ju pé kí wọ́n kà á kún ènìyàn lọ. Apá kìíní jẹ́ ìpín 220, apá kejì jẹ́ 500. Mo wo gbogbo rẹ̀ tán nígbà tí mo ń dúró de ìwé ìpè àgùnbánirọ̀, n kò sì kábàámọ̀ ọjọ́ kan níbẹ̀. Bí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ gbé Dragon Ball tẹ̀ lé e.

Olóòtú Ìwé (Ìbàdàn)

Wálé, mo fẹ́ràn Naruto bí ìwọ náà ti fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ẹni tí kò níṣẹ́ láàárọ̀ ni o fún olùkọ́ yìí. Ìpín 720 ni o dì lé wọn lórí, o kò sì sọ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sí nínú ìwé rárá. Ìwé ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tó ń rìn náà ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tó ń rìn sì máa ń sáré bá ìwé. Bí ó bá ti bá a, àwọn tó ń ṣe é á wá ìtàn mìíràn dá sílẹ̀ láti fi dúró de òǹkọ̀wé, bí ìgbà tí ènìyàn ń bu omi kún ọbẹ̀ nítorí àlejò tí kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti mọ ibi tí omi wà lè fò ó, ṣùgbọ́n àlejò kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n wa, ohun tó ti parí ni kí ẹ mú. Fullmetal Alchemist jáde láàárín ọdún 2001 sí 2010, ìdìpọ̀ 27 ni, ó sì parí síbi tí ó yẹ kí ó parí sí. Ọmọkùnrin méjì tí ìyá wọn kú fẹ́ fi ọgbọ́n tí wọ́n kà léèwọ̀ dá ìyá wọn padà sáyé. Ẹ̀gbọ́n pàdánù ẹsẹ̀ kan àti apá kan níbẹ̀, àbúrò pàdánù gbogbo ara, wọ́n sì so ẹ̀mí rẹ̀ mọ́ aṣọ irin ogun tí kò ní ènìyàn nínú. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ayé wọn: ohun tí o bá fẹ́ gbà, o ní láti fi ohun tó tó o dípò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò yóò rí i pé Ọ̀gbẹ́ni Arakawa tó kọ ọ́ kò gbàgbé òfin yẹn láti ojú-ewé kìíní dé ìkẹyìn.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan ṣá. Ẹ̀yà anime rẹ̀ jẹ́ méjì. Wọ́n ṣe ti ọdún 2003, ìpín 51, nígbà tí ìwé kò tíì dé ìdajì, nítorí náà ọ̀nà tirẹ̀ ni ó gbà lọ. Èyí tí wọ́n ṣe láti 2009 sí 2010, ìpín 64, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Brotherhood kún orúkọ rẹ̀, ni ó tẹ̀ lé ìwé. Òun ni kí ẹ wò. Ọmọ ọdún 14 lè bá yín jókòó tì í. Ọmọ ọdún 8 kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀.

Fúnmi Agége

Fún àbúrò kékeré yẹn, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ Ghibli, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù anime. Miyazaki, olùdarí fíìmù wọn, ṣe My Neighbor Totoro àti Grave of the Fireflies jáde pọ̀ ní ọdún 1988, ọmọdé méjì ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè wo méjèèjì ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Osaka

Ìyá wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọdún 8 wo Grave of the Fireflies. Fúnmi, òótọ́ ni pé ọjọ́ kan náà ni méjèèjì wọ ilé sinimá, ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1988, ṣùgbọ́n Miyazaki kọ́ ló ṣe èkejì. Isao Takahata, tí wọ́n jọ dá Ghibli sílẹ̀, ló ṣe é. Ọmọ ọdún 9 ni Takahata nígbà tí ọkọ̀ òfurufú ogun jó ìlú Okayama tí ó ń gbé ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, ó sì sá la iná náà já. Ohun tó wà nínú fíìmù náà ni ọmọkùnrin kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ebi ń pa kú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí bọ́ǹbù ti jó ilé wọn ní Kobe. Ikú ọmọkùnrin náà ni wọ́n tilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, níbi tí ó ti fara ti òpó kan ní ibùdókọ̀ ojú irin Sannomiya. Mo máa ń gba ibùdókọ̀ yẹn kọjá bí mo bá ń lọ sí Kobe, n kò sì tíì gba ibẹ̀ kí n má wo ìdí òpó. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ wò ó lọ́jọ́ tí ẹ bá dá wà. Totoro ni kí ẹ wò pẹ̀lú ọmọ: ọmọbìnrin méjì kó lọ sí oko pẹ̀lú bàbá wọn nígbà tí ìyá wọn wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì bá ẹ̀dá ńlá onírun kan pàdé lábẹ́ igi. Kò sí ìjà nínú rẹ̀, kò sí ọ̀tá.

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, obìnrin ni Hiromu Arakawa. Ìdílé tó ń sin màlúù fún wàrà ní Hokkaidō ni wọ́n ti bí i, àárín màlúù ni ó sì ti dàgbà. Bí a bá mọ èyí, a ó mọ ìdí tí àwọn ènìyàn inú ìwé rẹ̀ fi máa ń jẹun bí ẹni tó ṣiṣẹ́, tí ikú ẹran àti ikú ènìyàn kò sì jẹ́ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́.

Ẹ óò máa rí ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan níbi gbogbo: shōnen, shōjo, seinen àti josei. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irú ìtàn ni wọ́n ń tọ́ka sí. Rárá o. Ẹni tí wọ́n ṣe magasíìnì náà fún ni wọ́n ń sọ: ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, àgbà ọkùnrin, àgbà obìnrin. Death Note, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń kọ orúkọ àwọn ènìyàn sínú ìwé kí wọ́n lè kú, inú magasíìnì àwọn ọmọkùnrin ni ó ti jáde. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ “ọmọkùnrin” sára ìwé, kò túmọ̀ sí pé ó yẹ ọmọ yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí magasíìnì náà ti rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gígùn One Piece ti wá. Weekly Shōnen Jump, tí ilé-iṣẹ́ Shueisha dá sílẹ̀ ní 1968, ń jáde ní ọjọ́ Ajé. Ó ki bí ìwé atúmọ̀ èdè, bébà rẹ̀ kò dán, ó dà bí ti ìwé ìròyìn, nǹkan bí ogún ìtàn ló sì máa ń wà nínú ẹyọ kan, ojú-ewé 19 tàbí díẹ̀ sí i fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn ń kà á nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1995, ó tà ju mílíọ̀nù 6 ẹ̀dà lọ lọ́sẹ̀ kan. Káàdì kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn òǹkàwé fi ń kọ ìtàn tó wù wọ́n jù ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú. Ìtàn tuntun tí kò bá rí ìbò gbà, wọ́n lè gé e kúrò láàárín oṣù díẹ̀. Èyí tó bá sì ń rí ìbò, ó ṣòro kí wọ́n tó jẹ́ kí ó parí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìtàn Jump fi máa ń sáré fi ìjà pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn tó yege nínú wọn sì ń di ọ̀ràn ogún ọdún. Eiichiro Oda bẹ̀rẹ̀ One Piece ní oṣù Keje ọdún 1997, ìwé rẹ̀ sì ti ju ìdìpọ̀ 100 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ bá Mojí débẹ̀, ìwé ni kí ẹ kà, nítorí anime rẹ̀ máa ń fa orí kan gùn.

Ní ti bí a ṣe ń kà á: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè lápá ọ̀tún, ẹ lọ sí òsì, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà tó kàn. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tó wà lápá ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Nígbà kan, àwọn atẹ̀wé Amẹ́ríkà máa ń yí àwòrán padà bí ti inú dígí kí ó lè bá òǹkàwé wọn mu, gbogbo ẹni tó wà nínú ìtàn á sì di ọlọ́wọ́ òsì. Nísinsìnyí, bí àwọn ará Jàpáànù ti yà á ni ọ̀pọ̀ ń fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá ka orí mẹ́ta, ojú yín á ti mọ ọ̀nà.

Bàbá Dúró (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi tó wà ní Osaka. Ẹ jẹ́ kí n rán ẹ̀yin tó kù létí pé nǹkan yìí kì í ṣe àjèjì pátápátá lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá dàgbà láyé tí àwa dàgbà á rántí Atọ́ka, ìwé tí wọ́n fi fọ́tò àwọn eléré orí ìtàgé ṣe, tí ọ̀rọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu wọn. A máa ń dúró de èyí tó kàn, a máa ń yá a fún ara wa títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi já. Voltron tí a máa ń wò lọ́mọdé ńkọ́, àwọn kìnnìún irin márùn-ún tó ń para pọ̀ di ènìyàn kan? Àwọn ará Amẹ́ríkà ló kó iṣẹ́ Jàpáànù ọdún 1981 kan, wọ́n tún un gé, wọ́n fi ohùn tiwọn sí i. Ó tó ogójì ọdún tí mo ti wo anime láìmọ̀.

Ìyá Mojí, mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ ọkùnrin kan, nítorí ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n ni gbogbo rẹ̀ tó yé mi. Osamu Tezuka, tí wọ́n bí ní 1928, kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì gbàwé ẹ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ni ó fi ayé rẹ̀ yà. Òun ló gbé Tetsuwan Atomu, ọmọkùnrin ẹ̀rọ, wọ orí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1963. Owó tí wọ́n fún un kò tó yíya àwòrán púpọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ó kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ láti mú àwòrán dúró, kí ẹnu nìkan máa mì, kí wọ́n lo àwòrán àná fún ti òní. Bí ẹ bá rí anime níbi tí ẹnì kan ti dúró gbagidi tí afẹ́fẹ́ nìkan ń fẹ́ irun rẹ̀, ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Láti inú àìní ni wọ́n ti fa ọnà yọ.

Ó tún kọ ìwé kan tó bá ẹni tí kò ráyè mu, Black Jack, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Oníṣẹ́ abẹ tí kò ní ìwé àṣẹ ni, owó gọbọi ni ó sì ń gbà. Orí kan, aláìsàn kan, ìtàn kan tó parí. Mo máa ń ka ọ̀kan kí n tó sùn.

Olùṣọ́ Ẹbí (Adó-Èkìtì)

Mo kí gbogbo yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín, n kò sì rí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Orúkọ tí mo rí lórí fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni Demon Slayer. Fíìmù tí ọmọ kan náà tún ń wò kún fún ẹbọra àti òrìṣà tó ń wẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀. Inú ilé onígbàgbọ́ ni a ti ń tọ́ ọmọ náà. Ṣé ẹ̀yin òbí kò rí ewu kankan nínú rẹ̀ ni?

Àbẹ̀kẹ́ ní Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín tọ́, ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, nítorí ìyá mi bi mí ní irú rẹ̀.

Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dá apá kan ìṣòro náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò nínú ìtàn yẹn ni “oni”, ẹ̀dá oníwo tó ń jẹ ènìyàn nínú àlọ́ àwọn ará Jàpáànù. Kì í ṣe Sàtánì inú Bíbélì. Ẹni tó ti ka ìwé Fágúnwà ti bá ìbátan rẹ̀ pàdé nínú igbó. Tanjirō, ọmọkùnrin tó ń bá wọn jà, máa ń ṣàánú wọn bí wọ́n ti ń kú, nítorí ènìyàn ni ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fara mọ́ yín níbì kan: kì í ṣe ti ọmọ kékeré. Wọ́n pa ìdílé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, orí ni wọ́n sì ń bẹ́ láti ibẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ni ó yẹ kí òbí bẹ̀rù ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Ní ti ilé ìwẹ̀, Spirited Away ni ẹ ń sọ, fíìmù Miyazaki tí ọdún 2001 tó gba ẹ̀bùn Oscar ní 2003. Chihiro, ọmọ ọdún 10, rìn wọ ìlú tí kò mọ̀ pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Àwọn òbí jẹ oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò fi lọ̀ wọ́n, wọ́n sì di ẹlẹ́dẹ̀. Kí ọmọ náà lè wà láàyè, ó ní láti tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ Yubaba, ìyá arúgbó tó ni ilé ìwẹ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ìyá náà sì na ọwọ́ sókè, àwọn lẹ́tà orúkọ rẹ̀ bá gbéra kúrò lórí bébà wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, tí wọ́n ń kà ní “Sen”. Láti ọjọ́ náà, Sen ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá gbàgbé orúkọ rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà ilé mọ́. Nígbà tí mo rí i, mo dá a dúró, mo sì lọ bu omi mu. Mo wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọmọ ọdún 11, olùkọ́ mi àkọ́kọ́ gé orúkọ mi kù sí ìró kan nítorí pé ó ní ó gùn, mo sì jẹ́ orúkọ yẹn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí orúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ wa, ẹ wo fíìmù yẹn.

Àlejò kan tún wá sí ilé ìwẹ̀ náà, ẹrẹ̀ bò ó, òórùn rẹ̀ lé gbogbo ènìyàn sá. Sen rí ohun kan tó gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fà á, kẹ̀kẹ́ ológeere ni, ìdọ̀tí gbogbo sì tẹ̀ lé e jáde. Odò ni àlejò náà; ohun tí àwọn ènìyàn dà sínú rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró létí Ọ̀ṣun rí, tó sì wo àwọ̀ omi náà, kò nílò olùtumọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ohùn, mo wà lẹ́yìn ohùn Jàpáànù gbọn-in. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fi kẹ́yìn orúkọ ni ìdí. Wọ́n ní -san, wọ́n ní -sama, wọ́n ní -kun àti -chan fún ọmọdé tàbí ẹni tó súnmọ́ni, wọ́n ní senpai fún ẹni tó ṣáájú ẹni nílé-ẹ̀kọ́ tàbí níbi iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì máa ń gé wọn sọnù, nítorí kò ní ibi tí yóò gbé wọn sí. Àwa ní “ẹ” àti “o”, a ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Nínú Fullmetal Alchemist tí Olóòtú dárúkọ, àbúrò tó wà nínú aṣọ irin kì í pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ. “Nii-san” ló ń pè é. Ó ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ gidigidi, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò kúrò ní “ẹ̀gbọ́n mi”. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá sì já -san kúrò lára orúkọ ọmọbìnrin fún ìgbà àkọ́kọ́, ó tó bí ìgbà tí “ẹ” yí padà di “o” lẹ́nu ẹnì kan. Ẹni tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Wálé Òṣogbo

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ipò tí ìyá yìí wà. Ọmọ ọdún 8 kò lè ka ìtumọ̀ tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀. Ẹni tó ń dáná tàbí tó ń máàkì ìwé kò lè tẹjú mọ́ ọn. Bí ohùn Jàpáànù ti Goku, akọni inú Dragon Ball, sì ti rí, bí ìyá àgbà ni.

Nípa ibi tí wọ́n ti lè rí ìwé kà, ìkànnì ọ̀fẹ́ pọ̀ tó ní gbogbo rẹ̀, tí àwọn olólùfẹ́ tú fúnra wọn.

Olóòtú Ìwé (Ìbàdàn)

Mo gba àtúnṣe lórí Arakawa, mo sì dúpẹ́.

Wálé, ìyá àgbà ni lóòótọ́. Masako Nozawa, tí wọ́n bí ní 1936, ló ń sọ̀rọ̀ fún Goku láti 1986. Obìnrin ni Junko Takeuchi tó jẹ́ ohùn Naruto rẹ pẹ̀lú. Àṣà wọn ni pé obìnrin ló sábà máa ń gba ohùn ọmọkùnrin, nítorí ohùn rẹ̀ kì í yí padà bí ọmọ náà bá ń dàgbà. Àmọ́ o sọ òótọ́ nípa ọmọ ọdún 8. Ẹ fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì wo ti ọmọ, kí ẹ fi ohùn Jàpáànù wo tiyín.

Ìkànnì ọ̀fẹ́ yẹn ni n kò lè fara mọ́. Iṣẹ́ ìwé ni mò ń ṣe, mo sì mọ bí ó ti ń dun òǹkọ̀wé tí wọ́n bá ń tẹ ìwé rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń ya ìtàn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yìí ń fi ara wọn ṣe é. Shueisha fúnra rẹ̀ dá MANGA Plus sílẹ̀ ní 2019. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ àti mẹ́ta tó jáde kẹ́yìn nínú àwọn ìtàn Jump wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ní Gẹ̀ẹ́sì. Orí mẹ́ta tó fún ènìyàn láti mọ̀ bóyá ìtàn bá òun lára mu kó tó náwó. Fíìmù Ghibli tó pọ̀ sì ti wà lórí Netflix lọ́dọ̀ wa láti 2020. Ẹ gbà wọ́n sórí fóònù lóru nígbà tí dátà bá rọjú, iná ò ní dí yín lọ́wọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Osaka

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́. Nínú ìwé, ẹ óò rí lẹ́tà ńláńlá tí wọ́n yà mọ́ àwòrán tí wọn kò sì tú nígbà mìíràn. Ìró ni wọ́n. “Zaazaa” ni òjò tó ń rọ̀ wààwàà. “Dokidoki” ni àyà tó ń lù kìkì. “Kirakira” ni ohun tó ń dán yanran. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni “shiin”, tí wọ́n ń kọ síbi tí kò ti sí ìró kankan. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́ ni wọ́n ń sọ. Olùkọ́ èdè mi níbí máa ń ṣe wàhálà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Yúróòpù tó lóye irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Olùṣọ́ Ẹbí (Adó-Èkìtì)

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára, pàápàá ti orúkọ yẹn. Ọkàn mi kò tíì balẹ̀ tán, ṣùgbọ́n èmi àti ọmọ náà yóò jọ wo èyí tí odò wà nínú rẹ̀, kí n lè máa béèrè ohun tí kò bá yé mi lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Mojí (Abẹ́òkúta)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dákẹ́, mo ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ yàn fún mi.

A wo Totoro ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Níbi tí ọmọbìnrin ńlá ti dúró ní ibùdókọ̀ nínú òjò tó pọn àbúrò rẹ̀ tó ti sùn, tí ẹ̀dá onírun náà wá dúró tì í tí ó fi ewé kan borí, ọmọkùnrin mi sún mọ́ mi, ó ní, “Mọ́mì, wọn ò sọ nǹkan kan.” Kò sì bẹ̀rù. Ìyá wọn tó wà ní ilé ìwòsàn ni ó ń béèrè, bóyá yóò padà wálé. Ọjọ́ kejì, ó gba ewé kókò lọ́wọ́ ẹni tó ń gbin oko lẹ́yìn ilé wa, ó fi ń rìn kiri inú àgbàlá.

Èmi àti Mojí ti dé ìpín 19 nínú Fullmetal. Ohùn Jàpáànù ni a fi ń wò ó. Nígbà tí mo gbọ́ “nii-san” fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sọ fún Mojí pé ẹ̀gbọ́n ni ó ń pè é. Ó wò mí, ó béèrè bí mo ṣe mọ̀. Ó ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi wò ó. A bẹ̀rẹ̀ padà láti ìpín kìíní nítorí ohun kan ṣoṣo yẹn, òun ló sọ pé kí a ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Mo fẹ́ ra ìwé kan fún ọjọ́ ìbí rẹ̀, tí kò ní ìjà nínú, tí kò sì gùn ju agbára mi lọ. Kí ni kí n rà?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Osaka

Silver Spoon, ìwé Arakawa kan náà. Ìdìpọ̀ 15 ni, ó sì ti parí. Ọmọkùnrin kan tí ìwé kíkà ti sú sá kúrò nílé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Hokkaidō, kò mọ̀ pé ẹyin tí òun ń jẹ láti kékeré, ibi báyìí ló ti ń jáde lára adìẹ. Wọ́n fún un ní ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan tọ́jú, ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ ra ìdìpọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn kì í parí nínú ẹyọ kan, Mojí kò sì ní jẹ́ kí ẹ sinmi títí èkejì á fi dé. Ẹ má gbàgbé láti ṣí i láti apá ọ̀tún.